Òṣùwọ̀n Tí Ó Tọ́ fún Egbò Ajá

Ní Ìdànrè, ajá ni ó ń ṣáájú ọdẹ wọ inú igbó, òun ni ó sì ń ṣọ́ kòkó tí a sá síta. Nítorí náà, bí wáyà pàkúté bá gé ajá lẹ́sẹ̀, tí egbò náà sì gba ọyún, ẹni tí ó ni ín kì í lè máa wò ó níran. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré lọ ra kápúsù tetracycline tàbí ampicillin, wọn a tú u sí ojú egbò, tàbí kí wọ́n pò ó mọ́ oúnjẹ ajá fún ọjọ́ méjì. Àánú ni ó mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n àánú tí kò ní ìmọ̀ lè pa ajá, ó sì lè ṣe ènìyàn ní ibi.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí ni ó ń fa ọyún. Oògùn tí kò tó a máa pa àwọn aláìlágbára nínú wọn, a sì dá àwọn alágbára sí láti máa bí sí i. Alexander Fleming, ẹni tí ó rí penicillin ní ọdún 1928, ti ṣe ìkìlọ̀ yìí ní ọdún 1945. Kòkòrò tí ó ti borí oògùn lára ajá sì lè bọ́ sí ọwọ́ ọmọ tí ń fọ egbò náà.

Àyẹ̀wò ni àtúnṣe rẹ̀. Dókítà ẹranko yóò fi òwú mímọ́ gba ọyún kí a tó lo oògùn kankan. Ní ilé àyẹ̀wò, a ó gbin kòkòrò náà sí ojú àwo, a ó to bébà róbótó kéékèèké tí ó ní oògùn lára lé e; ní ọjọ́ kejì, a ó fi rúlà wọn àyè tí kòkòrò kò lè hù yí bébà kọ̀ọ̀kan ká.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni kókó ọ̀rọ̀. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àpò kòkó kò ṣe é fi wọn wúrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n òtítọ́. Kòkòrò tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àrùn awọ ajá ni Staphylococcus pseudintermedius. Ti ènìyàn ni ìbátan rẹ̀, Staphylococcus aureus. Bébà cefoxitin tí ó dára fún ti ènìyàn lè tan ni jẹ lórí ti ajá. Nítorí náà, ìwé òṣùwọ̀n ti ẹranko, tí ẹgbẹ́ CLSI ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ jáde, gba bébà oxacillin: bí àyè rẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà 17 tàbí kí ó dín, kòkòrò náà ti borí oògùn ìdílé penicillin, bí ó bá tó 18, oògùn ká a.

Àwọn kan yóò wí pé ìnáwó yìí pọ̀ fún ajá. Ṣùgbọ́n owó ni kápúsù tí a rà nígbà mẹ́ta láìṣiṣẹ́. Owó ni ajá ọdẹ tí ó kú. Òtítọ́ ni pé ọ̀nà jìn láti Ìdànrè dé ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọdún 2017, ìjọba Nàìjíríà gbé ètò kalẹ̀ lórí kòkòrò tí ń borí oògùn, lára ènìyàn àti lára ẹran. Ó tọ́ kí èso ètò bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀.

Kí olúkúlùkù fi omi mímọ́ àti iyọ̀ fọ egbò, kí ó mú ajá lọ kí ó tó ra kápúsù, kí ó sì bèèrè pé: òṣùwọ̀n ajá ni a lò bí, tàbí ti ènìyàn?