Ẹ̀yin òbí, gbogbo ara gbígbóná kọ́ ni ibà

Ọ̀gànjọ́ òru ni ara ọmọ sábà máa ń gbóná. Iná mànàmáná ti lọ, ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò ti tilẹ̀kùn, bàbá ọmọ sì lè máà sí nílé. Ìyá á gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ, á ní ibà ló dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ á ti mu àgbo, á sì ti lo oògùn ibà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò kù.

Kò sí ẹni tó lè bá ìyá bẹ́ẹ̀ wí pé ó tọ́jú ọmọ rẹ̀ nílé, nítorí ilé ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń kọni lóminú ni fífi ojú díwọ̀n àìsàn. Ibà ni Yorùbá ń pe àìsàn tí ẹ̀fọn ń kó ranni, ibà náà ni wọ́n tún ń pe ara gbígbóná. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, otútù àyà, etí dídùn àti àrùn inú ìtọ̀ náà máa ń mú ara ọmọ gbóná, oògùn ibà kò sì lè wo ọ̀kankan nínú wọn. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi sọ lọ́dún 2010 pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà. Wọ́n á gún ọmọ níka díẹ̀, èsì á sì jáde láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20.

Bó bá jẹ́ ibà lóòótọ́, ACT ni oògùn tí wọ́n ń lò. Láti ọdún 2005 ni Nàìjíríà ti fi í rọ́pò kiloroкúìnì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ gbọ́dọ̀ fi lò ó, kódà bí ara rẹ̀ bá ti tutù lọ́jọ́ kejì.

Iṣẹ́ tó kù fún òbí nílé kò le. Kí wọ́n bọ́ aṣọ tó nípọn kúrò lára ọmọ, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Kí wọ́n máa fún un lọ́mú, omi àti ògì léraléra. Ìwọ̀n parasítámọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ bá bí ọmọ ṣe wúwo tó mu, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ má fún ọmọdé ní asipiríìnì.

Àwọn kan á ní eyín ló fẹ́ hù. Eyín kì í mú kí ara ọmọ gbóná janjan. Lọ́dún 2008, oògùn eyín olómi kan tí kẹ́míkà olóró wọ inú rẹ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Àwọn ìyá tó rà á rò pé ìtọ́jú ni àwọn ń ṣe.

Gìrì ló ń dẹ́rù ba òbí jù. Bó bá ti gbé ọmọ, ẹnì kan á ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹlòmíì á na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná, ìyá àgbà á ní kí wọ́n gbé àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà wá. Àgbo yìí máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì lè dá èémí rẹ̀ dúró. Gìrì tí ì bá kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á wá di ọ̀ràn ikú. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí kò lè mu ọmú, tó ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tàbí tí ojú rẹ̀ kò dá mọ́, àti ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì. Irú wọn kì í ṣe ẹni à ń tọ́jú nílé. Kí ìyá má dúró de àṣẹ ọkọ tàbí ti ìyá ọkọ.

Ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti òbí nìkan. Ìjọba tó ní kí àwọn ènìyàn ṣe àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ rí i pé ilé ìwòsàn alábọ́dé ń ṣí lóru, kí ohun èlò àyẹ̀wò sì wà níbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.