Kì í ṣe gbogbo "ara mi kọ̀ ọ́" ni ṣakọ

1/ Ẹ̀yin ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ilé wo ni ò ní ẹni tó ní "álẹ́jì" ẹ̀wà, àmọ́ tó ń jẹ àkàrà lójoojúmọ́?

2/ Tí ẹ̀wà ò bá wù ẹ́, sọ pé kò wù ẹ́. Tó bá jẹ́ èèwọ̀ ìdílé, pè é ní èèwọ̀. Tí mílíìkì bá ń kùn ẹ́ nínú, ó lè jẹ́ ṣúgà inú ẹ̀ ni inú ẹ ò lè dà. Ìyẹn kì í ṣe álẹ́jì.

3/ Ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ òótọ́ ló ń jìyà irọ́ yìí. Ó ní òun ò lè jẹ edé, wọ́n ní ṣakọ ni. Wọ́n á wá lọ edé sínú mọ́ínmọ́ín, wọ́n á ní "ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá á mọ̀."

4/ Á mọ̀ o. Kò pẹ́, ètè lè wú, ọ̀nà ọ̀fun lè há. Ní 2016, Natasha Ednan-Laperouse, ọmọ ọdún 15 láti Lọ́ńdọ̀nù, kú lẹ́yìn tó jẹ búrẹ́dì tó ní yànmọ̀tí nínú. Wọn ò kọ ọ́ sára ọ̀rá búrẹ́dì náà.

5/ Tí èémí bá ti ń ṣòro, ẹ má wá epo pupa kiri. Ọsibítù ni, kíá! Abẹ́rẹ́ adrenaline ló ń gbà wọ́n là. Ẹ sì mọ bí gòsíló Òṣòdì ṣe rí, ẹ tètè gbéra.

6/ Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ẹ má fi oúnjẹ dán ẹnikẹ́ni wò mọ́. Ìwọ tó ń fi álẹ́jì sá fún ẹ̀wà náà, jọ̀ọ́, wá irọ́ mìíràn pa.