Ọ̀nà Tí Ó Wù Mí Láti Rìn Àti Ọ̀nà Tí Kò Wù Mí

Nígbà tí ọ̀gá ilé-kéwú ní kí àwa òbí náà kọ nǹkan sínú ìwé yìí, mo mọ̀ pé àwọn ààfáà yóò kọ nípa ìrun àti ààwẹ̀, àwọn olùkọ́ yóò sì kọ nípa ẹ̀kọ́. Èmi tí mo ti ń wa ọkọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún nítorí òwò, kí ni n ó kọ bí kò ṣe ọ̀nà?

Bí àwọn awakọ̀ bá jókòó ní gáréèjì, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ wọn. Ẹnìkan á ní ọ̀nà báyìí dára nítorí pé ọ̀dà rẹ̀ ń dán, òun fi wákàtí kan dé ibi tí ó yẹ kí òun fi wákàtí méjì dé. Èmi kì í fi eré díwọ̀n ọ̀nà mọ́. Nígbà ọ̀dọ́ mo ṣe bẹ́ẹ̀, ojú mi sì rí nǹkan. Ọ̀nà tí mo bá lè dúró sí kí n ṣe àlùwàlá, kí n kírun láìbẹ̀rù, tí àwọn tí a jọ ń rìn lórí rẹ̀ sì ń rántí pé èmi náà ní ilé tí mo ń lọ, ọ̀nà rere nìyẹn lójú tèmi, ìbáà tilẹ̀ ní kòtò díẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Bí ènìyàn bá kúrò ní Iléṣà, ní Ìwáràjà ni ọ̀nà ti pín. Ọ̀kan gba Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Àkúrẹ́. Èkejì gba ìhà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìlú tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti orí àpáta, ó gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n, kí ó tó já sí Àrámọkọ àti Adó-Èkìtì. Òkè wà lọ́tùn-ún, òkè wà lósì, ọ̀nà sì ń lọ́ bí ejò láàárín wọn. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọ̀nà yẹn ṣe fọ́ńté. Bí o bá ń gòkè, ẹ́ńjìnnì á sọ fún ọ bí ẹrù rẹ ṣe pọ̀ tó. Bí o bá ń sọ̀kalẹ̀, gíà kékeré ni kí o fi dá ọkọ̀ dúró, má ṣe tẹ bíréékì láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí bíréékì tí ó bá gbóná jù kì í mú ọkọ̀ mọ́. Ní àárọ̀ ọyẹ́, kùrukùru á bo orí òkè tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á tan iná ọkọ̀, gbogbo ènìyàn á sì máa rọra lọ bí ẹni pé wọ́n jọ ń ti mọ́sálásí kan náà bọ̀.

Jábìr, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé, ròyìn pé bí àwọn bá ń gòkè nínú ìrìn-àjò, àwọn a máa gbé Ọlọ́hun tóbi, bí àwọn bá sì ń sọ̀kalẹ̀, àwọn a máa ṣe àfọ̀mọ́ fún Un. Inú hádíìsì Bukhari ni ó wà. Ilé-kéwú ni mo ti kọ́ ọ ní kékeré, ṣùgbọ́n orí òkè Ẹ̀fọ̀n ni ó ti yé mi. Ní Èkó tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, níbo ni ènìyàn yóò ti gòkè tí yóò fi rántí? Àfi orí afárá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, tí púpọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò gbà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ kàwé sí i ní Ìlọrin. Ọ̀nà méjì ni, àlọ lọ́tọ̀, àbọ̀ lọ́tọ̀, ọkàn ènìyàn a máa balẹ̀ lórí rẹ̀. Ìgbà ìjọba Ọbásanjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1999 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ sísọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin di ọ̀nà méjì jáde. Apá ti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin parí, ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ náà parí, ṣùgbọ́n ti àárín, láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, fi ọ̀pọ̀ ọdún wà ní ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo tí tírélà tí ń bọ̀ láti òkè Ọya àti ọkọ̀ akérò jọ ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti yọjú lẹ́yìn tírélà láti yà á sílẹ̀, tí ó rí tírélà mìíràn tí ń bọ̀ níwájú, kò ní í béèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí mo fi máa ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀ láàárín ìlú méjèèjì yẹn.

Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni ọkàn mi kò lè pinnu lé lórí. Ó dára láti wò. Omi Aṣẹ́jìrẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ja rẹ̀, Ìkirè sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú dòdò rẹ̀ dúdú aláta tí àwọn ọmọ mi kì í jẹ́ kí n kọjá láìrà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn ti pa ènìyàn púpọ̀. Ikú àwọn ènìyàn Yunifásítì Ifẹ̀ lójú pópó wà lára ohun tí ó mú Wọlé Ṣóyínká dá sí ọ̀rọ̀ ààbò ojú ọ̀nà, tí a fi ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988. Ní oṣù November 2000, lórí ọ̀nà kan náà, tánkà epo sáré wọ àárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀ níbi tí ọlọ́pàá ti dá wọn dúró. Iná náà kò yan ẹni tí yóò mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀ yìí sọ́kàn, n óò padà sí i.

Ti ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ọjà ni láti Abúlé-Ẹ̀gbá títí dé Ṣàngó, eruku ni lẹ́yìn èyí. Síbẹ̀ bí mo bá ń gbà á kọjá, mo máa ń rántí pé Abẹ́òkúta ni Sheikh Adam Al-Ilory ti bẹ̀rẹ̀ Markaz rẹ̀ ní 1952, kí ó tó gbé e wá sí Agége ní 1955. Ìmọ̀ tí ọ̀pọ̀ ààfáà wa ní lónìí ti gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí ó ń dùn mí.

Ọ̀nà tí n kò fẹ́ràn rárá ni òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí kòtò ni. Kòtò wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì jìyà rẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2013 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti dára. Kí wọ́n tó ṣí i ní 1978, Ìkòròdú àti Ṣàgámù ni àwọn bàbá wa ń gbà lọ sí Ìbàdàn. Nǹkan bíi kìlómítà 127 ni gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀nà bá dá, wákàtí kan àbọ̀ tó ènìyàn. Ohun tí ó jẹ́ kí n kórìíra rẹ̀ ni pé kì í dá, àwa tí a ń jọ́sìn fún Ọlọ́hun sì wà lára àwọn tí kì í jẹ́ kí ó dá.

Ẹ wo Kara, lẹ́bàá afárá gígùn, bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ta ni ń ra àgbò níbẹ̀? Àwa ni. Àlàájì á pa ọkọ̀ sí etí títì, èkejì á pa tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀kẹta á bọ́ sí orí títì gan-an. Á sọ̀kalẹ̀, á máa wo eyín àgbò, á máa na owó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ á sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ kò jìnnà sí afárá Otedola tí tánkà epo ti ṣubú tí ó gbiná ní 28 June 2018. Ó lé ní 50 ọkọ̀ tí ó jóná lọ́jọ́ náà, ènìyàn sì kú. Bí ọkọ̀ bá fún mọ́ ara wọn lójú kan, tí ẹnìkan kò lè yà, iná kan ṣoṣo tó láti jó gbogbo wọn.

Lẹ́yìn Kara ni a kan àwọn àgọ́ àdúà, ti Kristẹni àti ti Mùsùlùmí. A máa ń sọ ti àwọn Kristẹni dáadáa. Tiwa ni a kì í fẹ́ sọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kú ní Èkó. Ọ̀yọ́ ni ilé bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbẹ́ sàréè dè é. A wẹ̀ ẹ́, a dì í, a kírun sí i lára lẹ́yìn Áyílà, a gbé e sínú ọkọ̀ mi. Ààfáà mi àgbà jókòó tì mí níwájú. A ní kí a sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí Sunna ti ní kí a má ṣe dá òkú dúró. A kò tíì rìn jìnnà lórí márosẹ̀ tí ohun gbogbo fi dúró. Ìpàdé àdúà ni, ti Mùsùlùmí. Àwọn ọkọ̀ akérò ti gba ìlà méjì nínú mẹ́ta, wọ́n ń já ènìyàn sílẹ̀. Àwọn tí ó dé pẹ́ ti tẹ́ ẹní sí etí títì.

Nígbà tí a dé iwájú ibẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ọmọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ ń darí ọkọ̀. Mo yọ orí, mo ní kí ó jọ̀wọ́ jẹ́ kí a kọjá.

“Ẹ ṣe sùúrù, bàbá,” ni ó wí, “ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni.”

Ààfáà rọra dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, òkú tí ó wà lẹ́yìn wa yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni òun náà.”

Ọmọ náà wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ojú tì í, ó sì sáré lọ lé ọkọ̀ méjì kúrò lọ́nà fún wa. Ọmọ dáadáa ni. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ pé ohun tí wọ́n fi í ṣọ́ kò tọ́. Iná tọ́ọ̀ṣì ni a fi sin ẹ̀gbọ́n ìyá mi lẹ́yìn Iṣáì, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tí wọ́n ti ń dúró láti ọ̀sán sì ti lọ sílé.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tàbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìpàdé, kí àwọn ará ọ̀nà fara dà á. Àwọn kan yóò ní ìjọba ni kò la ọ̀nà mìíràn. Òótọ́ wà nínú èkejì. Ṣùgbọ́n Ànábì wa kọ̀ fún àwọn sàhábé rẹ̀ láti máa jókòó sójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ní àwọn kò ní ibòmíràn tí àwọn ti lè máa sọ̀rọ̀, ó ní bí ó bá di dandan, kí wọ́n fún ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Mímú ìpalára kúrò wà nínú ẹ̀tọ́ tí ó kà sílẹ̀, pẹ̀lú rírẹ ojú sílẹ̀ àti dídáhùn sálámà. Ó tún ka ṣíṣí ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà mọ́ àwọn ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Àwọn tí ó kàn jókòó tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ ni ó sọ èyí fún. Kí ni ẹni tí ó fi ọkọ̀ dí márosẹ̀ yóò wí?

N kò ní tan ara mi pé márosẹ̀ nìkan ni. Ní àdúgbò wa, bí ọjọ́ Jímọ̀ bá pé, a máa ń so okùn mọ́ igi méjì, a sì dí títì pa láti agogo méjìlá títí tí a ó fi kírun tán. Mo ti tẹ́ ẹní sórí ọ̀dà náà pẹ̀lú àwọn yòókù fún ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí wo inú mọ́sálásí kí n tó tẹ́ ẹní. Àyè máa ń wà nínú ilé, ó máa ń wà nínú ọgbà. Àwọn tí ó pẹ́ ni kò fẹ́ wọlé jìnnà, kí wọ́n lè tètè jáde. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn àgbà mọ́sálásí, wọ́n ní mo fẹ́ fi ti àwọn onímọ́tò ṣe ju ti Ọlọ́hun lọ. N kò bínú. N óò tún sọ ọ́, mo sì ti sọ ọ́ níhìn-ín. Okùn yẹn kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ bí àyè bá wà nínú ọgbà. Bí ọgbà bá kún, kí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ìdajì títì sílẹ̀ fún ọkọ̀, kí wọ́n sì wà níbẹ̀ láti darí wọn. Ní ti àgbò, ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun yóò pa ẹran, kí ló dé tí kò lè rà á ní oṣù kan ṣáájú, kí ó so ó mọ́lẹ̀ nílé?

Wòlímọ̀ àwọn ọmọ wa ń bọ̀ lọ́nà, ilé-kéwú wa sì wà létí títì. Ní ọdún tí ó kọjá, ọkọ̀ àwa òbí ni ó dí ojú ọ̀nà láti àárọ̀, àwọn awakọ̀ sì ń ṣépè fún wa bí àwọn ọmọ ti ń ka Àlùkùráánì lọ́wọ́. Mo ti bá ọ̀gá ilé-kéwú sọ̀rọ̀ lórí pápá tí ó wà lẹ́yìn ọgbà. Ó gbà pé kí a ro ó, kí a fi ẹfun fa ìlà sí i. Ọkọ̀ tèmi yóò wà nínú pápá láti agogo méje àárọ̀, n óò sì dúró sí ẹnu ọ̀nà láti fi àyè han ẹni tí ó bá dé.