Tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù yín, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mélòó ni háàdì inú rẹ̀?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìtọ́jú kò rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́. Windows 11 tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba gbogbo ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà tí Intel inú rẹ̀ kò bá tó ìran kẹjọ, tàbí tí kò ní TPM 2.0, ti di àgbàlagbà lójú wọn. Ẹ fojú inú wo iye ọ́fíìsì, báńkì àti ilé-ìwé ní London, Manchester àti Houston tí wọ́n máa kó kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dànù torí èyí. Ṣé ẹ ò mọ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń forí lé? Ọ̀dọ̀ wa níbí ni.

Mi ò ní purọ́, ìròyìn ayọ̀ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦470 ti kọjá ₦1,500 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Láptọ́ọ̀pù tuntun wá di ohun tí òbí máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò. Tòkunbọ̀ ló kù.

Ẹ jẹ́ ká mú Ibogun, lágbègbè Ifo, wò. Torí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sí ni àwọn àgbà fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọgbà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Olabisi Onabanjo ni ọ̀dọ́ ìwòyí mọ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kò lè fi fóònù ya àwòrán ilé tàbí afárá. AutoCAD àti MATLAB ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára, owó tó wà lọ́wọ́ kò sì tó ra tuntun. Yóò wọ mọ́tò ní Ifo, gba Sango, ó di Computer Village n'Ikeja.

Tó bá dé ìdí tábìlì, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. RAM mélòó ni? Ṣé i5 ni àbí i7? Bátìrì rẹ̀ ńkọ́, ó lè pé wákàtí méjì? Ṣé kíbọ́ọ̀dù ń tanná? Ẹ̀gbọ́n, háàdì rẹ̀ ńkọ́? "500 GB ni, àbúrò. UK-used, ó clean gan-an." Ó parí síbẹ̀. Bí háàdì ṣe fẹ̀ tó la máa ń béèrè, a kì í béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kò ní í sanwó láìwo iye máìlì tó ti sá.

Háàdì dísìkì àtijọ́ ni mò ń sọ o, kì í ṣe SSD tí kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú. Èyí àtijọ́ ní àwo róbótó kan tó ń yí nígbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Apá kékeré kan ló ń kà á, òun náà ló ń kọ ọ́, kò sì gbọdọ̀ fara kan àwo náà rárá. Orí atẹ́gùn ló ń léfòó lé, ní àlàfo tí irun orí fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po nípọn jù lọ. (IBM ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde lọ́dún 1956. Ó tóbi ju firíìjì lọ, kò sì lè gbà ju nǹkan bíi 5 MB, fọ́tò kan láti inú fóònù yín lè kún un.) Ohun tó ń sáré tó báyìí, tó sì sún mọ́ra tó báyìí, gbọ́dọ̀ gbó lọ́jọ́ kan.

Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí wọ́n ń tàn fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, fún 250 ọjọ́ lọ́dún, tí wọ́n lò fún ọdún mẹ́fà, ti jẹ wákàtí 12,000 kó tó wọ kọ̀ntẹ́nà. Èyí tí wọn kì í pa lálẹ́ ń jẹ 8,760 lọ́dún kan ṣoṣo. Àwọn méjèèjì lè wà lórí tábìlì kan náà n'Ikeja, kí wọ́n jẹ́ iye kan náà.

Ní ọdún 2007, àwọn òṣìṣẹ́ Google mẹ́ta, Pinheiro, Weber àti Barroso, gbé ìwádìí kan jáde lórí háàdì tó ju 100,000 lọ tí ilé-iṣẹ́ wọn ń lò. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé háàdì tí àṣìṣe àkọ́kọ́ bá ti hàn lójú àwo rẹ̀ súnmọ́ ikú ní ìlọ́po 39 láàárín ọgọ́ta ọjọ́ ju èyí tí kò ní àṣìṣe lọ. Nǹkan tó bà mí lẹ́rù jù nínú ìwádìí yẹn ni èkejì: nínú àwọn tó kú, 56% ni kò fi àmì kankan hàn lórí òǹkà mẹ́rin tí àwọn onímọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé jù. Wọ́n kàn kú ni.

Ilé Google sì rèé, níbi tí iná kì í ti í ṣẹ́jú. Àwa tí gírìdì orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ lé lọ́wọ́ léraléra lọ́dún 2024 ńkọ́? Bátìrì tòkunbọ̀ kì í sábà dúró, torí náà tí NEPA bá mú iná lọ, láptọ́ọ̀pù náà kú nìyẹn. Apá inú háàdì á sáré padà síbi ìsinmi rẹ̀, ohun tó ń kọ lọ́wọ́ á sì já sáàárín ọ̀nà. Wọ́n tún mú iná dé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ronú irú èyí ní ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ wá fi àṣà wa kan kún un: a ó pa ìdérí dé, a ó sọ ọ́ sínú báàgì kó tó sùn, a ó bọ́ sórí ọ̀kadà, àwo náà ṣì ń yí bí ọ̀kadà ṣe ń kó sí kòtò.

Ta ló jẹ̀bi? Àwọn kan á ní ẹni tó ra àlòkù ti mọ ohun tó rà. Mi ò gbà. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Basel tó wà n'Ibadan ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016, tó jáde lọ́dún 2018, fi hàn pé ẹ̀rọ àlòkù tó ń wọlé lọ́dún kan kò dín ní 60,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ó kéré tán 19% ni kò ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025, àdéhùn Basel ti ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kó pàǹtírí ẹ̀rọ ráńpẹ́ ránṣẹ́ sórílẹ̀-èdè míràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ṣáájú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tí wọ́n tàn, tó sì tàn, kì í ṣe pàǹtírí lójú òfin. Háàdì tó ku oṣù méjì kó kú náà ń tàn. Báyìí ni ewu náà ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti ọwọ́ ọ́fíìsì London sọ́wọ́ oníkọ̀ntẹ́nà, látọ̀dọ̀ oníkọ̀ntẹ́nà sọ́dọ̀ onítábìlì, títí tó fi kan ọmọ ọdún méjìlélógún kan ní Ibogun tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wọn agbára ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wá bú sí.

Òfin FCCPA ti ọdún 2018 ti ní kí olùtajà sọ fún oníbàárà tí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe. Ohun tí mò ń fẹ́ kò ju ìgbésẹ̀ kan lọ sí i: kí wọ́n kọ wákàtí háàdì sórí rìsíìtì. Kò ní náni ní kọ́bọ̀. CrystalDiskInfo, ọ̀fẹ́ ni, fílàṣì kékeré kan gbà á, kì í sì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Power On Hours sí. Ẹ wo Reallocated Sectors àti Current Pending Sector, ìyẹn òǹkà ibi tó ti bàjẹ́ àti ibi tó fẹ́ bàjẹ́ lójú àwo. Tí méjèèjì kò bá jẹ́ òdo, ẹ fi sílẹ̀ fún un, tàbí kí ẹ yọ iye SSD tuntun kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ san. Ẹgbẹ́ CAPDAN tó jẹ́ ti àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́la tó bá wù wọ́n. Onítábìlì tó bá kọ́kọ́ ṣe é, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lèmi máa rà.

Wọ́n lè pa wákàtí náà rẹ́ o. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Heise tó ń kọ ìròyìn ẹ̀rọ ní Jámánì tú àṣírí háàdì Seagate àlòkù tí wọ́n ń tà bí tuntun, tí ẹnì kan ti dá òǹkà wákàtí wọn padà sí òdo. Tí láptọ́ọ̀pù ọdún 2016 bá ń pe ara rẹ̀ ní wákàtí mẹ́wàá, ẹ béèrè ibi tó ti ń sùn.

Ẹ̀dà kejì ló kù. Mo mọ̀ pé dátà ti wọ́n. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 tí NCC ti fàyè gba àfikún tó tó 50%, ta ló fẹ́ gbé fídíò sókè? Ṣùgbọ́n orí ìwé kan nínú iṣẹ́ ìwádìí yín kì í sábà ju MB díẹ̀ lọ, Google sì ń fún yín ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Olùkọ́ tó ń gba orí kọ̀ọ̀kan ní pépà lè gbà á ní í-meèlì pẹ̀lú. Ẹ̀dà kan á ti wà níta nìyẹn, láìsí ẹni tó ṣe wàhálà. Ẹni tó bá sì ti pààrọ̀ sí SSD, kó má sùn lọ: èyí kì í dún kó tó kú, ìdákẹ́jẹ́ ló fi ń lọ.

Tí háàdì yín bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, tí fáìlì kan ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó ṣí, ẹ má tún un tàn léraléra. Ẹ kó èyí tó ṣe pàtàkì jù kúrò lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ pa á. Ẹ má tú u, ẹ má gbé e sínú firíìjì. Kí ẹ tó gbé e fún ẹ̀ńjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, torí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ ni kí wọ́n fọ́máàtì, kí wọ́n sì tún Windows fi síbẹ̀, kí kọ̀ǹpútà máa dán. Ẹ ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, fáìlì inú rẹ̀ ni mo wá gbà. Ẹ fi Windows sílẹ̀."