Àtíbàbà Ìnáwó: Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Okùn?

Ní ayé àtijọ́, ariwo àdá ni í kọ́kọ́ sọ fún aládùúgbò pé ìnáwó ti dé tán. Bí ó bá ku ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n ṣe òkú àgbà tàbí kí wọ́n gbé ìyàwó, àwọn ọkùnrin agbo ilé yóò gba ọ̀nà oko lọ. Wọn a gé ọparun, wọn a bẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, wọn a sì rù ú wálé. Ní ìlú púpọ̀, àwọn àna náà a kó ẹgbẹ́ wọn dé, nítorí ìdí àtíbàbà wà lára ibi tí a ti ń mọ àna gidi yàtọ̀ sí àna ẹnu. Wọn a gbẹ́ ihò, wọn a ri òpó, wọn a fi ẹsẹ̀ ki erùpẹ̀ mọ́ ọn nídìí, wọn a fi ìtàkùn di igi òkè mọ́ òpó, kí wọ́n tó wá to imọ̀ ọ̀pẹ lé e. Òpó kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹni tí ó rì í. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, orúkọ ẹni náà ni àwọn ìyàwó ilé yóò máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ìnáwó mìíràn yóò fi dé.

Àtíbàbà bẹ́ẹ̀ a máa jò. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí ó dára: afẹ́fẹ́ ń gba àárín imọ̀ kọjá, bí ìjì bá sì wó o, ewé àti ọparun ni yóò bo ènìyàn lórí. Àwọn àlejò yóò rá jáde, wọn yóò gbọn aṣọ wọn, ẹ̀rín ni yóò sì tẹ̀lé e.

Láti àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn tí àríyá sì ń gbòòrò sí i, kánópì onírin bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò imọ̀ ọ̀pẹ. Lónìí, wọ́n ń háyà rẹ̀ ní abúlé pàápàá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bu ẹnu àtẹ́ lù ú: ó ń gba ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò gba kí a gé igi oko, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ a sì tò ó tán kí oòrùn tó mú. Ohun tí ó sọnù ni ẹni tí ó ni òpó. Oníkánópì a gbé e kalẹ̀, a gba owó rẹ̀, a sì sáré lọ síbi òmíràn, nítorí ọjọ́ Sátidé kan náà ni gbogbo ayé ń náwó. Onínàáwó gbà pé oníkánópì ti so ó. Oníkánópì gbà pé àwọn onílé yóò máa wò ó. Àlejò ní tirẹ̀ kò mọ ohun kan ju àga tí wọ́n fi í sí lọ.

Lórí títì ọlọ́dà, èèkàn kì í wọlẹ̀. Wọn a wá so okùn mọ́ ẹsẹ̀ àga, tàbí mọ́ ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni tí yóò lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o; kánópì tí a fi àga ike so, ìjì kò ní bèèrè kí ó tó gbé e. Nígbà tí ó bá já bọ́, irin ni yóò ba ìyá arúgbó tí kò lè tètè dìde, irin náà ni yóò ba ọmọ tí ó ń sùn lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Bí irin yìí bá sì kan wáyà iná lókè, ẹni tí ó sáré dì í mú láti ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni iná mànàmáná yóò kọ́kọ́ gbé.

Ohun tí ó jọni lójú ni pé ìdílé tí kò rí owó ra okùn tuntun a máa rí owó fún àwọn tí ń dá òjò dúró. Ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ kò ṣẹ̀. Àṣà ni, ó sì ti pẹ́. Ṣùgbọ́n òjò nìkan ni wọ́n ń bẹ̀ wọ́n sí. Òjò a máa ba gèlè jẹ́, a máa pa orin dà, kì í wó irin. Ẹ̀fúùfù tí ń ṣáájú òjò ni ó ń ṣe iṣẹ́ ibi náà.

Àwọn àgbẹ̀ mọ àkókò rẹ̀ dáadáa. Láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, àti láti oṣù kẹsàn-án síwájú, nígbà tí ó ń kásẹ̀ nílẹ̀, ni ìjì líle wọ́pọ̀ jù lọ. Ìhà ìlà-oòrùn ni ó sábà máa ń gbà wá: ojú ọ̀run a ṣú níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù kan a fẹ́ lójijì, eruku a gbéra nílẹ̀. Àkókò tí ó kù lẹ́yìn ìyẹn kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni agbára afẹ́fẹ́ kì í pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀: bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń ti nǹkan a di ìlọ́po mẹ́rin. Kánópì tí wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta nítorí ẹwà, tí wọ́n sì ṣí ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀, ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ta sójúde yẹn.

Lórí ilẹ̀ erùpẹ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ kò le. Èèkàn irin gígùn ni kí wọ́n lò, kí wọ́n gbá a wọlẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí orí rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí kánópì, kí okùn má sì dẹ̀. Lórí ọ̀dà, ohun tí ó wúwo ni a ń wá. Àgbá tí ó gba omi 200 lítà, bí ó bá kún, ìwọ̀n rẹ̀ tó 200 kílò, èyí tí í ṣe àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ gédégédé sí àga ike. Omi orí kánópì náà kò ṣe é fojú tẹ́ńbẹ́lú. Bí aṣọ rẹ̀ bá rọ̀ sísàlẹ̀, tí omi dúró sí ibi tí ó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, tí ó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, garawa ńlá márùn-ún ni ó wà lókè orí àwọn tí ń jẹun yẹn. Igi gígùn kan tí a ta aṣọ mọ́ lẹ́nu ni kí wọ́n fi máa tì í sókè kí ó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, ipò àwọn àgbà kò tíì ṣófo. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń to irin lè sọ pé, “Ẹ má ṣe ìyọnu, bàbá, ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é.” Àgbà tí ó gbọ́n kò ní bínú. Yóò kàn wí pé, “O ṣé, ọmọ mi. Ó yá, fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n wò ó.” Bí ẹsẹ̀ náà bá gbéra, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Ìdílé tí ó yan alága ìjókòó, tí ó yan ẹni tí yóò pín ọtí àti ẹni tí yóò gba owó aṣọ ẹbí, lè yan ẹnì kan tí yóò ni òpó. Òun ni yóò gbọ́ ohun tí àjọ ojú ọjọ́, NiMet, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, bá sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òun ni kí ó ní àṣẹ láti dá onílù dúró, kí ó kó àlejò wọ inú ilé, kí wọ́n sì tú aṣọ kánópì kúrò lórí irin, ìbáà jẹ́ pé ọba ìlú wà ní ìjókòó. Kí àwọn alásè sì tètè fún un ní oúnjẹ tirẹ̀ kí àríyá tó gbóná, nítorí kò ní ráyè jẹun mọ́ bí ìhà ìlà-oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.