Ushafa: Ẹgbẹ́ Ṣáájú Sólà

Ushafa jẹ́ ìlú àwọn Gbagyi láàárín àwọn òkè ìjọba ìbílẹ̀ Bwari ní Àbújá. Ìkòkò mímọ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, òkìkí rẹ̀ sì kàn sí i nígbà tí Bill Clinton, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, bẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000. Igi, èédú àti gáàsì ni wọ́n fi ń dáná níbẹ̀, bẹntiróòlù sì ni wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ amúnáwá, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú tó yí Àbújá ká. Iná ìjọba wà, ṣùgbọ́n iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò lè gba ẹ̀rọ amúnáwá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń gẹ irun, tó ń lọ ata tàbí tó ń ta omi tútù.

Ewu tó wà nínú gbígbójú lé bẹntiróòlù ni pé ẹni tó ń rà á kò ní ohùn nínú iye tí wọ́n ń tà á. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2012, owó lítà kan fò láti ₦65 sí ₦141, kí ìwọ́de àti ìyanṣẹ́lódì tó fà á wálẹ̀ sí ₦97. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 títí di ìgbà náà ti di ₦617 ní Àbújá kí oṣù Keje tó parí. Kò sí ẹnì kankan ní Ushafa tí wọ́n bi léèrè.

Owó yìí kì í hàn sójú, nítorí díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde lápò. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá ń jó lítà mẹ́ta lóòjọ́, tí lítà kan sì jẹ́ ₦900, ₦2,700 ló ń sun lójúmọ́. Lọ́jọ́ iṣẹ́ 26, ó di ₦70,200; lọ́dún, ó di ₦842,400. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá tó wà ní ojú kan náà á fi ₦8,424,000 ṣe èéfín láàárín ọdún kan. Owó tó tó dá nǹkan sílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tó wà pọ̀ lójú kan. Owó àtúnṣe ẹ̀rọ àti ọ́ìlì kò sí nínú ìṣirò yìí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí àwọn tó kú sínú yàrá kò sí níbẹ̀, àwọn tó sùn ti ẹ̀rọ amúnáwá tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí gáàsì olóró tí kò ní òórùn sì pa wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ti igi ìdáná yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn obìnrin Gbagyi kì í ru ẹrù sórí; èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, igi ìdáná sì wà lára ẹrù tí wọ́n ti ń gbé bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé. Bí ilé ṣe ń pọ̀ tí igbó sì ń dínkù, ibi tí wọ́n ti ń rí igi ń jìnnà sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èéfín ìdáná inú ilé ló fa ikú mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri ayé ní ọdún 2020, ó sì lé ní 237,000 nínú wọn tó jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹni tó ń fẹ́ná àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ni èéfín náà kọ́kọ́ ń bá.

Bí wọ́n bá ní kí ìlú wá ọ̀nà àbáyọ, sólà ni ẹnu gbogbo ènìyàn ń lọ sí. Sólà dára, oòrùn sì pọ̀ ní Àbújá. Síbẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré lọ sí ọjà páànẹ́ẹ̀lì ti gba ẹ̀yìn wọlé. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ Àbújá lónìí jẹ́ ayálégbé: òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́; Yorùbá, Igbo, Hausa, Tiv. Ayálégbé kò lè dá lu ihò sí òrùlé onílé, onílé náà kì í sì í fẹ́ náwó sórí iná tí kò ní tàn ní yàrá tirẹ̀. Ẹni tó bá dá ra tirẹ̀, tó wá ń kó lọ, á tú u kúrò lórí ilé, ìlú á sì padà síbi tó wà. Iná òpópónà tí wọ́n bá ta ìlú lọ́rẹ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, olúkúlùkù ń retí kí ẹlòmíràn tún un ṣe. Ẹgbẹ́ ló yẹ kó ṣáájú, nítorí ẹgbẹ́ nìkan ló lè dá owó jọ, tó lè fọwọ́ sí ìwé, tó sì lè dáhùn nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ju ìwé àkọsílẹ̀ lọ. Kí ilé kọ̀ọ̀kan àti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan kọ iye tó fi ra epo, gáàsì, èédú àti igi sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Kí ìpàdé tí wọ́n ti máa kà á sì ní gbogbo irú ènìyàn tó wà ní ìlú nínú: àwọn ìjòyè Gbagyi, ẹgbẹ́ àwọn onílé, aṣojú àwọn ayálégbé, ìyálọ́jà, àwọn obìnrin amọ̀kòkò, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe. Kí wọ́n má fojú fo àwọn tí a dárúkọ gbẹ̀yìn yìí. Iṣẹ́ wọn ló máa kọ́kọ́ dínkù bí ẹ̀rọ bá dínkù, àwọn náà ló sì yẹ kí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ wáyà àti bátìrì ṣáájú ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n àjọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn Yorùbá mọ̀ dunjú wúlò níbí. Àwọn ará Ushafa náà sì mọ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tí àwọn Hausa ń pè ní gayya.

Ibi tí ọwọ́ Ushafa ti yá ju ti ọ̀pọ̀ ìlú lọ ni amọ̀. Ilẹ̀ àwọn amọ̀kòkò ni agbègbè yẹn. Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi láti Kwali tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦20, fi ìkòkò rẹ̀ rìn dé òkè òkun. Ojú ohun ọ̀ṣọ́ fún àlejò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi wo iṣẹ́ yìí báyìí, bẹ́ẹ̀ ó lè dín owó epo kù tààrà.

Àpẹẹrẹ kan ni ti Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ amọ̀kòkò. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ó ki ìkòkò kékeré bọ inú ńlá, ó da iyanrìn sí àlàfo àárín wọn, ó fi omi rin ín, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Omi tó wà nínú iyanrìn ń gba ara ìkòkò òde jáde, atẹ́gùn gbígbẹ sì ń gbé e lọ. Bó ṣe ń lọ ló ń mú ooru inú ìkòkò kékeré dání. Ìgbá tí kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́ pé ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí kì í di ọjọ́ kejì pé ọjọ́ 12. Ẹ̀bùn Rolex ti ọdún 2000 wà lára ohun tí wọ́n fi yẹ́ ẹ sí. Aláta tó ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní Ushafa kò ní nílò fíríìjì tó ń mu bẹntiróòlù kó tó lè pa tòmátì mọ́ di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ó ní ibi tó mọ, ká sòótọ́. Ìkòkò náà kò gbọ́dọ̀ ní ohun dídán lára, nítorí ìyẹn á dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Nínú òjò, tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, agbára rẹ̀ á dínkù gan-an. Kò sì lè sọ omi di yìnyín.

Amọ̀ kan náà wúlò lábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn ará Kenya ṣe àdògán kan tí ìta rẹ̀ jẹ́ irin, tí inú rẹ̀ sì jẹ́ amọ̀ tí wọ́n sun. Amọ̀ náà kì í jẹ́ kí ooru sá lọ, nítorí náà èédú tí àdògán yìí ń jẹ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, nígbà mìíràn títí dé ìdajì, dínkù sí ti àdògán onírin lásán. Amọ̀kòkò àti alágbẹ̀dẹ ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe é, kò sì sí èyí tó ṣọ̀wọ́n nínú àwọn méjèèjì ní agbègbè Bwari. Bí ẹgbẹ́ ìlú bá sọ fún amọ̀kòkò pé àádọ́ta la ó rà lọ́wọ́ rẹ, òun náà á nígboyà láti mọ ọ́n. Ẹni kan ṣoṣo tó bá lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó mọ ẹyọ kan kò lè rí irú rẹ̀ gbà ní owó pọ́ọ́kú. Àdògán èédú kò ní kí gbogbo ilé má lo gáàsì, ṣùgbọ́n ó wà fún ilé tí apá rẹ̀ kò tíì ká owó sílíńdà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá kan iná, òfin fúnra rẹ̀ ń béèrè ẹgbẹ́. Ìlànà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé jáde gba ìlú àti oníṣẹ́ iná láyè láti jọ dúnàádúrà iye tí wọn ó máa san lórí ibùdó iná kékeré, bí, ó kéré tán, mẹ́fà nínú mẹ́wàá àwọn tó máa lò ó bá fọwọ́ sí i. Níbi tí wáyà ìjọba ti wà, bíi Ushafa, àdéhùn náà á di ti ẹni mẹ́ta: ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, ẹni tó fẹ́ dá ibùdó sílẹ̀, àti ìlú. Ìlú tí kò ní ẹgbẹ́ kò ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i fún un.

Gbamu-Gbamu, ìlú àwọn àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Rubitec tan iná sólà oní kílówáàtì 85 níbẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ìjọba Jámánì. Owó irú iná bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ju ti iná ìjọba lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn pamọ́ nínú ìpàdé. Owó ẹ̀rọ amúnáwá ló yẹ kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé àkọsílẹ̀ oṣù kan yẹn fi ṣe kókó.

Ní London pàápàá, ní Brixton tí kò jìnnà sí Peckham tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí, àwọn ará Loughborough Estate kò dúró de ìjọba. Ní ọdún 2012, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń jẹ́ Brixton Energy sílẹ̀, àwọn ènìyàn ra ìpín nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé páànẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé ilé ìjọba tí wọ́n ń gbé. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò níṣẹ́ náà, wọ́n sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú èrè fún ríran àwọn ilé lọ́wọ́ láti dín owó iná wọn kù. Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ilé náà.

Gáàsì ìdáná náà lè wá láti ọwọ́ ẹgbẹ́. Ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, àlùfáà Godfrey Nzamujo dá ibùdó Songhai sílẹ̀ ní ọdún 1985 lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan. Ìgbẹ́ ẹran àti ìdọ̀tí oko ni wọ́n ń dé mọ́ inú kòtò tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, kó lè di gáàsì. Ohun tó bá kù ń di ajílẹ̀. Ilé kan tó ní adìyẹ mẹ́wàá kò lè ṣe èyí. Àwọn olóko adìyẹ àti àwọn alápatà tó bá da ìgbẹ́ ẹran wọn pọ̀ lè ṣe é.

Òkè àti igbó tó yí Ushafa ká tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ wọn ni ìdídò Lower Usuma wà, níbi tí Àbújá ti ń pọn omi. Bí wọ́n bá gé igi òkè tán, òjò á gbá erùpẹ̀ lọ sínú adágún náà. Nígbà tí Wangari Maathai bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Green Belt ní Kenya ní ọdún 1977, igi tó bá yè ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún àwọn obìnrin. Igi tí wọ́n kàn gbìn kò lówó. Ìlànà yẹn ló yẹ kí ìlú mú, nítorí ọ̀pọ̀ igi tí òṣèlú ń gbìn níwájú kámẹ́rà kì í rí ẹ̀ẹ̀rùn kejì.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó àti bátìrì. Kí akápò àti ẹni tó ń kọ ìwé má jẹ́ ẹnì kan náà, kí wọ́n lẹ ìṣirò oṣooṣù mọ́ ògiri ọjà, kí wọ́n sì máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù láti ọjọ́ àkọ́kọ́ fún bátìrì tuntun, nítorí bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ kú nínú gbogbo ohun èlò sólà. Òjé wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Òjé ló pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá ń ra bátìrì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìrajà pé ẹni tó tà á ni yóò gba òkú rẹ̀ padà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ láti yọ òjé inú rẹ̀ tà ní àgbàlá tí ọmọ ti ń ṣeré.