Ọmọ Tó Gba Ipò Kejì ní Pírámárì Di Ẹni Kẹtàdínlógójì: Ṣé Olódo Ni?

Lẹ́tà tó wà lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní Òṣogbo ló kọ ọ́. Mo gé e kúrú nítorí àyè, mi ò sì ní dárúkọ wọn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí:

“Ọ̀gá oníròyìn, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó dìjà nílé wa. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ipò kejì ló gbà nígbà tó parí pírámárì. Gbogbo àdúgbò ló bá wa yọ̀. Ó wọ JSS 1 ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí táàmù àkọ́kọ́ parí, ipò 37 ló gbà nínú ọmọ 54. Mo tú báàgì rẹ̀, mo rí ìwé mẹ́ta tí tíṣà fi bírò pupa kọ nǹkan sí lójú ewé bíi mẹ́fà. Ọmọ yàrá kejì ló bá mi kà á, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ṣe asáìnmẹ́ǹtì. Mo bi ọmọ, ó ní òun ò mọ ìgbà tí wọ́n ní kí àwọn ṣe é. Bàbá rẹ̀ ní olódo ni, pé tí a bá ti ṣe Ọdún Àjíǹde tán, òun á mú un lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Èmi ò kàwé kọjá pírámárì mẹ́rin. Kí ni mo lè ṣe sí asáìnmẹ́ǹtì tí èmi alára ò lè kà?”

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní ọ̀gá. Ọmọ yín ni mí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, kò sì tíì pẹ́ tí mo kúrò níbẹ̀, ìró agogo ilé ìwé ṣì ń dún létí mi. Bóyá ìyẹn gan-an ni mo fi lè dá yín lóhùn, torí pé àwọn àgbàlagbà ti gbàgbé bí JSS 1 ṣe ń rí lójú ọmọ.

Ọmọ yín kì í ṣe olódo. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní pírámárì, tíṣà kan ṣoṣo ló sábà máa ń kọ́ ọmọ ní gbogbo nǹkan láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Tíṣà yẹn mọ̀ ọ́n, ó mọ ìyá rẹ̀, ó mọ ìgbà tí inú ń run ún. Bó bá ti fún wọn ní ìṣirò tó pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, á dá ti Gẹ̀ẹ́sì dúró di ọ̀la. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ohun gbogbo yí padà láàárín ọjọ́ kan. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, píríọ́dì bíi mẹ́jọ ló wà lóòjọ́, ogójì ìṣẹ́jú tàbí kó dín díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agogo á lù, tíṣà kan á jáde, òmíràn á wọlé. Onísáyẹ́ǹsì kò mọ ohun tí oníṣirò fún wọn. Oníṣirò kò mọ̀ pé onífaransé ti ní kí wọ́n kọ́ nọ́ńbà láti 1 dé 50 sórí. Ńṣe ló dà bí ọmọ tó ti ń jíṣẹ́ fún ìyá kan ṣoṣo, tí wọ́n wá mú lọ sí ilé tí ìyàwó mẹ́wàá wà. Kálukú ń rán an níṣẹ́, kò sí èyí tó mọ iṣẹ́ tí èkejì rán an. Bí ọmọ náà bá gbàgbé iṣẹ́ ẹnì kan, ṣé olódo la ó pè é?

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yín ní òun ò mọ ìgbà tí wọ́n sọ ọ́, ẹ má tètè pè é ní onírọ́. Ọ̀pọ̀ tíṣà ló jẹ́ pé ìgbà tí agogo bá ti lù, tí àwọn ọmọ ti ń pariwo, ni wọ́n tó ń sọ pé “ẹ ṣe nọ́ńbà kìíní dé ìkarùn-ún wá lọ́jọ́bọ̀ o”. Ọmọ tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún nínú kíláàsì ọmọ 54, kí ló fẹ́ gbọ́?

Ọ̀rọ̀ ipò 37 náà tún nìyí. Àwọn tó gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta láti oríṣiríṣi pírámárì ló kóra jọ sínú kíláàsì yẹn. Gbogbo wọn ni wọ́n ti jó fún rí. Tí gbogbo wọn bá wà lórí ìlà kan náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn. Kí Bàbá wo máàkì, kí wọ́n yé wo ipò. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, máàkì 100 tó wà nínú káàdì yẹn, 40 ló jẹ́ ti tẹ́ẹ̀sì àti asáìnmẹ́ǹtì, 60 ló jẹ́ ti ìdánwò. Níbòmíràn, 30 àti 70 ni. Ọmọ tí kò bá ṣe asáìnmẹ́ǹtì ti sọ owó nù lójú ọ̀nà kó tó dé ọjà.

Ó wá kan ìbéèrè yín: kí ni ìyá tí kò kàwé lè ṣe? Màmá, ohun tó kù fún yín pọ̀ ju èyí tó kù fún tíṣà lọ.

Ṣé ẹ ń dá àjọ? Mo mọ̀ pé ẹ ó máa dá a. Ẹ mọ káàdì alájọ, èyí tó ní ojú 31, tí alájọ máa ń fi bírò sàmì sí lójoojúmọ́ tí ẹ bá ti fún un lówó. Kò sí oníṣòwò tó máa ń sùn láìmọ ojú tó kù lórí káàdì rẹ̀. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yín nílò. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún un, èyí tó lè wọ àpò ṣòkòtò ilé ìwé. Gbàrà tí tíṣà bá ti sọ̀rọ̀ asáìnmẹ́ǹtì, kí agogo tó lù tàbí lẹ́yìn tó lù, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀: iṣẹ́ wo ni, ojú ewé wo, ọjọ́ wo ni wọ́n máa gbà á. Ìlà kan péré. Tí kò bá gbọ́, kí ó bi ẹni tó jókòó tì í kó tó kúrò nínú kíláàsì. Tó bá délé, tó ṣe é tán, kí ó fi àmì sí i.

Ní alẹ́, ẹ̀yin á gba ìwé kékeré yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kò nílò láti ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀. Ẹ ka iye ìlà, kí ẹ ka iye àmì. “Mẹ́rin lo kọ, mẹ́ta lo sàmì sí, èyí tó kù ńkọ́?” Ó tán. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ìyá òun á wo káàdì lálẹ́ kò ní fi ojú kan sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má jẹ́ kó gbé e fún yín lọ́jọ́ tó wù ú nìkan o. Alájọ kì í wá lọ́jọ́ tó wù ú.

Ọ̀rọ̀ kejì, kí ó ṣe iṣẹ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n fún un, bí wọn ò tilẹ̀ ní gbà á títí di ọjọ́ karùn-ún. Lọ́jọ́ yẹn, ohùn tíṣà ṣì wà létí rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, èdè àjèjì ló máa dà lójú rẹ̀.

Màmá, ẹ tún kọ ọ́ nínú lẹ́tà yín, níbi tí mo gé kúrò, pé tó bá ti ilé ìwé dé, ó máa ń ṣa ẹ̀wà, ó máa ń fọ ìkòkò, ó sì máa ń pọnmi, kó tó mú ìwé ní bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mi ò ní sọ pé kí ọmọ má ṣiṣẹ́ ilé. Ẹ̀wà yẹn náà ló ń sanwó ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ yí ètò padà. Tó bá dé, kó jẹun, kó sinmi fún bíi ìdajì wákàtí, kó wá mú ìwé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ṣì wà. Èyí tó bá le jù ni kó kọ́kọ́ mú. Wákàtí kan, tó bá pọ̀ jù wákàtí kan ààbọ̀, ó ti tó fún ọmọ JSS 1. Ìkòkò lè dúró de aago méje. Kò sí ìkòkò tó máa sá lọ. Ẹ̀wà ṣíṣà, ẹ jẹ́ ká tì í sí ọjọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ ṣa ti ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́rin pọ̀. Iná mọ̀nàmọ́ná wa yìí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ̀yin náà mọ̀, ọmọ tó bá sì ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kàwé láago mẹ́wàá, oorun ló ń kà.

Ìkẹta, èyí tí mo fẹ́ràn jù: ẹ ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún yín. Bẹ́ẹ̀ ni, Yorùbá. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé á ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní pírámárì kan ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Bàbá Fafunwa yìí ló di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990.

Tí ọmọ yín bá ní àwọn ń ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ gbé kọ́ńgò ẹ̀wà yín kalẹ̀. Ẹ ní kó bu ìdajì kọ́ńgò síbẹ̀, kó tún bu ìdajì ti ìdajì lé e. Kí ló kù kó kún? Ẹ ti kọ́ ọ ní ìṣirò nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò kàwé. Tó bá sì ń kólòlò bó ti ń ṣàlàyé, ibẹ̀ gan-an ni kò yé e sí. Ẹ ní kó lọ bi tíṣà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kójú tì yín nítorí pé ẹ kò dé ibi tí ọmọ ń lọ. Láti oṣù kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní pírámárì nílẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, àìmọye ìyá alágbo, ìyá ẹlẹ́kọ àti bàbá àgbẹ̀ ló ti rán ọmọ lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ tiwọn kò tẹ̀ rí.

Ẹ fara balẹ̀ bi ọmọ ní ìbéèrè kan, kí ẹ má bi í bí ọlọ́pàá: ṣé àwọn sínió kì í gba ìwé tàbí owó oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Ọmọ tó ń sá pamọ́ fún sínió nígbà ìsinmi kò ní ráyè bi ẹnikẹ́ni ní ohun tí tíṣà wí. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ rí tíṣà kíláàsì rẹ̀. Ẹ kúkú lọ rí i bí kò tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé òbí, ẹ má sì wọ aṣọ ìjà lọ.

Bàbá kan láti Abẹ́òkúta náà kọ̀wé, wọ́n ní ṣé kí àwọn wá onílẹ́sìnnì fún ọmọ àwọn tó wà ní JSS 1. Tí owó bá wà, kò burú. Ṣùgbọ́n onílẹ́sìnnì tó ń bá ọmọ ṣe asáìnmẹ́ǹtì ń gbowó láti sọ ọmọ yín di ọ̀lẹ. Bákan náà ni fóònù tí ọmọ ń da ìdáhùn kọ láti inú rẹ̀.

Ó ku Bàbá ọmọ wa ní Òṣogbo. Ẹ dákun, sà, ẹ gbọ́ tèmi, ọmọ yín ni mo jẹ́. Iṣẹ́ mẹkáníìkì dára, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ òde òní ṣe gan-an gbọ́dọ̀ lè ka ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe ní 2004 sọ pé gbogbo òbí gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ parí JSS 3. Ìbáwí ni ti ìgbà àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ bá dá òbí lẹ́bi. Tó bá di ìgbà kejì, owó ìtanràn ₦2,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Mi ò fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ yín o, sà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni táàmù kan péré, kí ẹ sì dá ọ̀rọ̀ “olódo” dúró nínú ilé títí táàmù yẹn á fi parí. Ọmọ ọdún 11 máa ń gba bàbá rẹ̀ gbọ́.

Màmá, ẹ ra ìwé kékeré yẹn lọ́la, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Tí káàdì táàmù kejì bá jáde, ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ sọ máàkì, ẹ má sọ ipò. A ó gbé e jáde lójú ìwé yìí kan náà.